Diwali ní Leicester: Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ní 1972, Idi Amin fún àwọn ọmọ Éṣíà tó wà ní Uganda ní 90 ọjọ́ péré láti kó jáde. Ìgbìmọ̀ ìlú Leicester polówó nínú ìwé ìròyìn Uganda pé kí wọ́n má wá síbí. Síbẹ̀, wọ́n wá. Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù inú wọn kò gbàgbé Diwali, ọdún ìmọ́lẹ̀. Wọn a gbálé, wọn a tan àtùpà amọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tọmọ-tìyá a jọ bọ Lakshmi. Aládùúgbò mi a tún gbé ohun dídùn wá fún wa. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ ìlú kan náà ló ń so iná Diwali sí Belgrave Road. Inú ilé ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kó tó dé títì. Ẹ jẹ́ ká máa sọ Yorùbá sọ́mọ létí nílé.