Ohùn Tí Ń Fo Àmì: Ìlà Àṣẹ Linux, Ètò Akàwé àti Àkọtọ́ Yorùbá

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, kéde pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò tuntun kan tí yóò máa darí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Linux ni ètò náà wá ń jẹ́. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn èyí, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida dá Ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, ó sì fi Lọ́kọ́ja ṣe olú-ìlú rẹ̀. Kò sí ohun tí ó so ìkéde méjèèjì pọ̀ ju àkókò tí wọ́n bọ́ sí lọ. Síbẹ̀, bí ẹni tí kò ríran bá jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà Linux ní Lọ́kọ́ja lónìí, tí ó sì fẹ́ fi etí ka ohun tí a fi èdè Yorùbá kọ, ìtàn méjì ni yóò pàdé níbẹ̀: ìtàn ẹ̀rọ tí ń ka lẹ́tà sókè, àti ìtàn àkọtọ́ tí ó ti pẹ́ létí odò Ọya ju Ìpínlẹ̀ Kogí fúnra rẹ̀ lọ. Ibi tí ìtàn méjèèjì ti forí gbárí ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Lọ́kọ́ja kì í ṣe àlejò nínú ọ̀rọ̀ ìwé. Ní 1865 ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ní ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé. Crowther yìí kan náà ni ó ti tẹ ìwé gírámà àti àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1852, tí ó sì fi àmì sórí fáwẹ̀lì kí òǹkàwé lè mọ ohùn òkè yàtọ̀ sí ohùn ìsàlẹ̀. Àwọn ìjọ Ọlọ́run tún ọ̀rọ̀ àkọtọ́ náà gbé yẹ̀ wò ní ìpàdé Èkó ti 1875. Àkọtọ́ òde òní tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 kò sì gba àmì lọ́wọ́ wa. Ṣùgbọ́n kò sí olùkọ́ èdè tí kò mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn kì í fi àmì sí i, lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ kì í fi sí i, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a sì máa rántí rẹ̀ kìkì nígbà ìdánwò. Ìdí ni pé ojú tí ń ka ìwé ní òye lẹ́yìn. Bí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá bá rí “igba” lásán, ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò fi mọ̀ bóyá igbá tí a fi ń bu omi ni, tàbí ìgbà tí ń lọ, tàbí igba náírà. Ẹ̀rọ tí ń ka lẹ́tà kò ní irú òye bẹ́ẹ̀.

Kí ni ìlà àṣẹ? Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969, ni Linux fìwà jọ. Nígbà náà, ẹ̀rọ tí ó rí bí tápúrétà ni a fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Ènìyàn a tẹ àṣẹ kan, kọ̀ǹpútà a sì tẹ ìdáhùn sórí bébà. Lílé àti ègbè ni. Àwòrán kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọfà tí a ń tì kiri; ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀, ọ̀kan ń tẹ̀ lé èkejì bí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń ṣe. Nígbà tí Macintosh dé ní 1984, tí Windows sì gbilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, àwòrán tí ó mú iṣẹ́ dẹrùn fún aríran ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò ríran, títí a fi dá ọgbọ́n mìíràn sí i. Ìdí nìyí tí ìlà àṣẹ, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò bí ohun àtijọ́, fi jẹ́ ilé fún ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ètò tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sókè ni a ó máa pè ní ètò akàwé. Jim Thatcher ti ṣe irú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ IBM láàárín ọdún 1980 sí 1990. Ní ti Linux, 1995 ni ọdún pàtàkì. Ọdún náà ni T. V. Raman, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó ti pàdánù ojú rẹ̀ láti ọmọ ọdún 14, gbé Emacspeak jáde. Emacspeak kì í kàn ka lẹ́tà tí ó bá rí. Ó mọ iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń ṣe níbi tí ó wà, ó sì lè fi ohùn kan ka àkọlé kí ó fi òmíràn ka àlàyé. Ní 1995 kan náà ni BRLTTY bẹ̀rẹ̀, èyí tí ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sórí pátákó braille oníná, níbi tí ọ̀pá tín-ín-rín ti ń dìde, tí ó sì ń wọlẹ̀ lábẹ́ ìka. Lẹ́yìn wọn ni Speakup dé láti ọwọ́ Kirk Reiser, ará Kánádà tí òun náà kò ríran. Inú kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn Linux, ni Speakup ń gbé, débi pé ó lè máa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà bá ti ń jí. A gbà á sínú kernel fún ìdánwò ní 2010. Ní 2020 ó di ọmọ ilé pátápátá. Láti 2013 ni Debian, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà Linux, ti ń jẹ́ kí ẹni tí kò ríran fi ohùn gbé e sórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀: yóò tẹ lẹ́tà s ní ìbẹ̀rẹ̀, ohùn yóò sì dá a lóhùn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pátákó braille oníná wọ́n gógó. Braille orí bébà ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi ti Gindiri (1953) àti Pacelli ní Súrùlérè (1962) fi tọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Nídìí kọ̀ǹpútà, ohùn tí a kò fi owó rà ni ó wà ní àrọ́wọ́tó.

Ohùn tí Speakup sábà ń yá lò ni eSpeak, tí Jonathan Duddington bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1995. Kì í ṣe ohùn ènìyàn tí a gbà sílẹ̀. Ìlànà ni ó ń tẹ̀ lé: lẹ́tà báyìí, ìró báyìí, nítorí náà ó kéré, ó sì yá. Swahili, Setswana, Amharic àti Oromo wà lára àwọn èdè Áfíríkà tí a ti kọ ìlànà wọn sínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó jẹ́ ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń lò ní láti gbọ́ èdè rẹ̀ láti ẹnu àjèjì.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran ń ṣa ọ̀rọ̀ jọ, tí ó sì sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ ọ̀rọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀: ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀. Yóò tẹ ls, kọ̀ǹpútà yóò sì to orúkọ wọn. Ohùn Gẹ̀ẹ́sì tí ó fo àmì yóò ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń tún pè. Bí ó bá fẹ́ pa ọ̀kan rẹ́, rm ni àṣẹ rẹ̀, rm kì í sì í sábà bi ènìyàn léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí tí a ti lè lọ hú fáìlì náà jáde. Ọkọ́ tí a rò pé a sọ nù lè jẹ́ ọkọ̀. Òótọ́ ni pé ó lè ní kí ètò akàwé pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni etí ti máa ń gbọ́n ju ojú lọ nígbà mìíràn: ọ̀nà méjì ó kéré tán ni a lè gbà kọ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, wọn a sì jọra lójú aríran bí ìbejì, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ wọn ní ẹyọ-ẹyọ yóò mọ̀ pé fáìlì méjì ni.

Àmọ́ kí ohùn tó lè ka lẹ́tà, lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ojú ìlà àṣẹ tí kernel fúnra rẹ̀ ń gbé jáde pín sí ihò-ihò, fọ́ǹtì rẹ̀ kò sì lè ju àwòrán lẹ́tà 512 lọ. Títí di 2018, bí fọ́ǹtì kò bá ní lẹ́tà kan, ohun mìíràn ni kernel ń fi dí àyè rẹ̀, ohun tí ó fi dí i yìí náà ni BRLTTY sì ń rí kà. Ìyẹn ni pé àìtó àwòrán, tí kò yẹ kí ó kan ẹnikẹ́ni bí kò ṣe aríran, ni ó ń pinnu ohun tí afọ́jú yóò kà. Ní 2018 ni Nicolas Pitre, ọ̀kan nínú àwọn tí ń ṣe BRLTTY, tún kernel ṣe kí ó lè máa pa lẹ́tà Unicode gan-an mọ́ lẹ́yìn àwòrán, kí ètò akàwé lè bá a níbẹ̀, yálà fọ́ǹtì mọ̀ ọ́n tàbí kò mọ̀ ọ́n.

Ti àmì ohùn ṣì kù. Ẹ àti ọ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, ṣùgbọ́n ìsọ̀rí àwọn lẹ́tà èdè Vietnam ni wọ́n wà, níbi tí àmì abẹ́ lẹ́tà ti jẹ́ àmì ohùn. Vietnam kì í fi àmì ohùn méjì sára fáwẹ̀lì kan, nítorí náà ẹ́ àti ọ̀ kò sí lára wọn. Unicode sì ti pinnu pé òun kò ní fi irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un mọ́. Á àti è ní ilé tiwọn. Ilé méjì ni ẹ́ ń gbé, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kan ṣoṣo ni a ṣe ihò kọ̀ọ̀kan ojú ìlà àṣẹ fún.

Onílù yóò tètè rí ohun tí ó ṣàjèjì nínú èyí. Dùndún ń sọ ohùn láìsí kọ́ńsónáǹtì, a sì ń gbọ́ ọ, nítorí pé oríkì àti òwe tí ó ń lù ti wà lórí wa. Kọ̀ǹpútà ń sọ kọ́ńsónáǹtì láìsí ohùn, orúkọ fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí ni ó sì ń sọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá kò káwọ́ gbera. Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe iṣẹ́ tí ó jinlẹ̀ lórí bí ẹ̀rọ yóò ṣe máa gbé ohùn Yorùbá jáde. Túndé Adégbọlá àti àjọ rẹ̀, ALT-I, ti ń bá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ̀ láti Ìbàdàn. Ní 2020, àwọn òṣìṣẹ́ Google àti Kọ́lá Túbọ̀sún kó ohùn Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ jọ fún gbogbo ayé. Ní 2023, Meta fi Yorùbá kún àwọn èdè tí ó lé ní 1,000 tí ó ṣe ohùn fún. Ohùn wọ̀nyí dùn létí, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo ju ohun tí ẹni tí ń tẹ àṣẹ lé àṣẹ nílò, ẹni tí ó fẹ́ kí ìdáhùn dé kí ìka rẹ̀ tó kúrò lórí bọ́tìnì.

Bí ó bá ṣe ti eSpeak ni, Mandarin àti Vietnam wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ohùn wọn, nítorí náà ẹ̀rọ náà mọ ohùn í pè. Ìlànà tí Yorùbá nílò kò pọ̀: ìró lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, fáwẹ̀lì àránmúpè, gb àti p, ohùn mẹ́ta, àti bí ohùn òkè ṣe ń yọ́ gòkè bí ó bá tẹ̀ lé ohùn ìsàlẹ̀. Ó wà nínú ẹ̀kọ́ fonọ́lọ́jì ọdún kìn-ín-ní. Ìwé tí a kò fi àmì sí ni yóò dí i lọ́wọ́. Ìròròrò kan wà fún èyí náà: ní 2018, Ìroro Orife gbé iṣẹ́ jáde lórí ètò tí ń dá àmì padà sórí ọ̀rọ̀ Yorùbá, lórí ìlà àṣẹ a sì lè fi àmì | kan ṣoṣo so irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ́ ohùn, kí ọ̀rọ̀ kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó dé ẹnu eSpeak. Gbólóhùn ni irú ètò bẹ́ẹ̀ ń wò kí ó tó mọ àmì tí yóò fi sí i. Orúkọ fáìlì kì í sì í sábà ju ọ̀rọ̀ kan lọ.