Ẹ̀yìn Tó Di Iwájú: Ìtàn Etí Ọ̀sà Màrínà ní Èkó àti Àwọn Iṣẹ́ Ọnà Ìgboro Tó Wà Níbẹ̀

Ìfáárà

Láàrin àwọn Yorùbá, orúkọ àdúgbò kì í ṣàdédé wá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó máa ń tọ́jú ìtàn tí ìwé ìjọba kò kọ sílẹ̀. Àpẹẹrẹ kan ni ti etí ọ̀sà tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí Màrínà ní Erékùṣù Èkó lónìí. Kí orúkọ yìí tó borí, Ẹ̀yìn Ìgbẹ̀tì ni àwọn ọmọ Èkó ń pe ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà, "ẹ̀yìn", ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn kọ́kọ́ dì mú. Ìsàlẹ̀ Èkó ni ojú ìlú nígbà náà. Ibẹ̀ ni Ìgá Ìdúngànran, ààfin ọba, wà. Ibẹ̀ ni àwọn ìjòyè ń gbé, tí ọjà sì ń ná. Apá gúúsù erékùṣù náà, tí ó kọjú sí Àpápá, jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ìlú, níbi tí ilé kò ti pọ̀.

Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ fi hàn ni bí ẹ̀yìnkùlé yìí ṣe di iwájú ìlú láàrin ogún ọdún péré, àti bí àwọn iṣẹ́ ọnà tí a gbé kalẹ̀ síbẹ̀ lẹ́yìn náà ṣe jẹ́ èsì àwọn ọmọ onílẹ̀ sí ohun tí àwọn amúnisìn kọ́ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ọ̀pọ̀ ọmọ ilé-ìwé ni ó ń gba Màrínà kọjá lójoojúmọ́ láì mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Bí ẹ̀yìnkùlé ṣe di ojú ìlú

Ìbọn àgbá ni ó ṣí ìtàn yìí. Ní ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn ọkọ̀ ojú omi ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì yìnbọn lu Èkó títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá kúrò lórí oyè, tí ó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ. Apá púpọ̀ nínú ìlú ni ó jóná. Wọ́n dá Akítóyè padà sórí ìtẹ́, ó sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1852. Láàrin ọdún kan náà ni àwọn ajíyìnrere ìjọ CMS dé, tí wọ́n sì gba ilẹ̀ lẹ́bàá omi. Orúkọ ìjọ náà kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn awakọ̀ èrò títí di òní: "CMS" ni wọ́n ṣì ń ké ní ibùdókọ̀ ibẹ̀.

Lẹ́yìn ikú Akítóyè ní 1853, ọmọ rẹ̀, Dòsùnmú, jọba. Ọdún yẹn náà ni Benjamin Campbell dé gẹ́gẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ rẹ̀ le. Òun ni ó wà nídìí bí wọ́n ṣe lé Ẹfúnróyè Tinúbú, gbajúgbajà oníṣòwò tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń ta létí ọba, kúrò ní Èkó ní 1856. Nígbà tí ó di ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ilẹ̀ Ọbabìnrin Fìkítóríà. Kò fẹ́ fọwọ́ sí i. Ọkọ̀ ogun tí ó wà nínú ọ̀sà ni ó fún un ní ìdáhùn.

William McCoskry, oníṣòwò ará Scotland, ni ó kọ́kọ́ di adelé gómìnà. Irùngbọ̀n rẹ̀ pọ́n, àwọn ará Èkó sì sọ ọ́ ní Apọ́ngbọ̀n. Orúkọ ìnagijẹ yìí ni àdúgbò tí ó wà ní ìpẹ̀kun Màrínà níhà ìwọ̀-oòrùn ń jẹ́ títí di òní. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá lè fi èyí ṣe àpẹẹrẹ fún akẹ́kọ̀ọ́ yín nígbà tí ẹ bá ń kọ́ wọn nípa orúkọ ìnagijẹ: àwọn tí ilẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn kò lágbára láti lé òyìnbó náà lọ, ṣùgbọ́n ahọ́n wọn kò sí nínú àdéhùn. Láti ìgbà McCoskry ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú ọ̀nà sí etí omi. John Hawley Glover, tí àwọn ọmọ Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, ni ó mú iṣẹ́ náà lékún ní àwọn ọdún 1860.

Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá ti inú òkun bọ̀ wá sí Èkó kò rí Ìgá Ìdúngànran mọ́. Ohun tí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ bá ni ilé gómìnà, ilé ìjọsìn, àti ilé àwọn oníṣòwò tí ń ra epo pupa àti èkùrọ́. Lára wọn ni O'Swald àti Gaiser tí wọ́n wá láti Hamburg ní Jámánì, àti Régis ará Faransé. Olúkúlùkù wọn ní afárá onígi tirẹ̀ tí ó wọ inú omi, níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù. Ojú ìlú ti yí padà. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ti di ará ẹ̀yìn.

Ilé àti ọwọ́ tó kọ́ ọ

Àṣìṣe ni yóò jẹ́, síbẹ̀, bí ènìyàn bá rò pé ọwọ́ òyìnbó nìkan ni ó kọ́ àgbègbè yìí. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà dé àti àwọn ọmọ wọn, tẹ̀dó sí Pópó Àgùdà, tí kò jìnnà sí etí ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ kánúkán bíríkìlà àti káfíńtà. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn, pẹ̀lú òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì gbẹ́ sí ojú fèrèsé àti orí òpó, jẹ́ iṣẹ́ ọnà ìgboro fúnra rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú àtigbé ère kalẹ̀. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní 1894, jẹ́ ẹ̀rí èyí. João Baptista da Costa, tí í ṣe Àgùdà, ni ó kọ́ ọ pẹ̀lú Sanusi Aka. Àgùdà kọ́ ilé ìrun fún Mùsùlùmí ọmọ Sàró, kò sì sí ẹni tí ó rí i bí èèwọ̀.

Kàtídírà ìjọ Áńgílíkà náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé ìjọsìn àkọ́kọ́ lélẹ̀ ní 1867. Èyí tí ó wà níbẹ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní 1924, ó sì gba ọdún méjìlélógún kí ó tó parí ní 1946. Ibojì Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ ńlá lórí kíkọ èdè Yorùbá sílẹ̀, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ sin ín sí. Ibi ìsìnkú Ajẹ́lẹ̀ ni wọ́n sin ín sí nígbà tí ó kú ní 1891. Nígbà tí wọ́n tú ibi ìsìnkú náà ká ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n kó egungun rẹ̀ wá sí kàtídírà.

Gbọ̀ngàn Ìrántí Glover kò ṣeé fò dá. Ìrántí gómìnà òyìnbó ni wọ́n fi kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ọmọ ilẹ̀ fi ṣe kọjá ohun tí àwọn tí wọ́n kọ́ ọ lè rò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fi sinimá han àwọn ará Èkó fún ìgbà àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Níbẹ̀ náà ni Hubert Ògúńdé ti gbé eré onítàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 1944. Ẹni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn eré onítàn Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ilé náà wà, kì í ṣe orúkọ rẹ̀ lásán.

Ṣàngó létí omi

Iṣẹ́ ọnà tí ó gba ìjíròrò jùlọ ní Màrínà ni ère idẹ Ṣàngó, iṣẹ́ ọwọ́ Ben Enwonwu, tí ó dúró níwájú ilé tí ó jẹ́ olú-iléeṣẹ́ Àjọ Mànàmáná Nàìjíríà. Ọdún 1964 ni ère náà jáde, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òmìnira. Enwonwu, ọmọ Onitsha tí wọ́n bí ní 1917, ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nígbà náà. Òun ni ó ya ère Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní àwọn ọdún 1950; òun náà ni ó ṣe Anyanwu, ère idẹ tí ó wà ní Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkàn.

Kí ni Ṣàngó ń wá níwájú iléeṣẹ́ iná? Ìdáhùn wà nínú èdè. Nígbà tí iná tuntun yìí dé Èkó kí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún tó parí, Yorùbá kò wá orúkọ rẹ̀ lọ sí òkè òkun. Wọ́n wo ohun tí ń kọ yẹ̀rì lójú ọ̀run kí àrá tó sán, wọ́n sì pe iná náà ní mànàmáná. Ọ̀rọ̀ yìí ti gbé iná òyìnbó wọ agbo Ṣàngó tipẹ́tipẹ́ kí Enwonwu tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ amọ̀. Ohun tí ahọ́n ti sọ ni ayàwòrán wá fi idẹ sọ. Ó sì tún yẹ ní kíkíyèsí pé ọmọ Igbo ni ó gbé òrìṣà Ọ̀yọ́ dìde fún iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní olú-ìlú orílẹ̀-èdè. Ní ọdún mẹ́ta sí ìgbà náà, ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ère náà wá dà bí ẹ̀rí ìrònú kan tí kò pẹ́ láyé, pé ohun tí í ṣe ti ẹ̀yà kan lè di ti gbogbo wọn láì jẹ́ pé wọ́n gbà á lọ́wọ́ oní-nǹkan.

Ibi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí náà ní ìtumọ̀. Ní ojú ọ̀nà tí àwọn amúnisìn là láti fi agbára wọn han ẹni tí ń ti òkun bọ̀, ọba Ọ̀yọ́ tí ó di òrìṣà ni ó wá dúró pẹ̀lú oṣé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ìta Tinúbú, tí ẹsẹ̀ lè rìn dé láti etí ọ̀sà láìpẹ́. Nígbà òmìnira ní 1960, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, àwọn ará Lẹ́bánónì tí wọ́n ń gbé ní Èkó sì fi ẹ̀rọ omi tí ń tú sókè ta ìlú lọ́rẹ. Ère Ẹfúnróyè Tinúbú ni ó wà níbẹ̀ lónìí. Obìnrin tí ajẹ́lẹ̀ lé lọ ní 1856, tí ó sì kú sí Abẹ́òkúta ní 1887, ti padà sí àárín Èkó.

Àwọn olùkọ́ kan máa ń lọ́ra láti mú ọmọ ilé-ìwé lọ wo ère Ṣàngó, kí àwọn òbí má baà sọ pé wọ́n ń kọ́ ọmọ àwọn ní ìbọ̀rìṣà. Ìbẹ̀rù yìí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò sí ojúbọ nídìí ère náà, kò sì sí ẹni tí ń bọ ọ́. Iṣẹ́ ọnà ni, iléeṣẹ́ mànàmáná ni ó sì sanwó rẹ̀. Ọmọ tí ó bá lè wo fèrèsé aláràbarà ní kàtídírà láì di Áńgílíkà, tí ó lè wo iṣẹ́ Da Costa ní Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey láì di Mùsùlùmí, lè wo Ṣàngó náà kí ó sì padà sílé.

Omi tó sún sẹ́yìn

Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo rọ̀bì ń wọlé, wọ́n da iyanrìn sí etí ọ̀sà láti fi la òpópónà tuntun. Afárá Èkó, tí wọ́n parí ní 1975, sọ̀ kalẹ̀ sí Apọ́ngbọ̀n. Ọ̀nà àwọn ọkọ̀ wá wà láàrin omi àti àwọn ilé tí wọ́n ti ń wo omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún. Kàtídírà tí ìgbì ń kọrin fún tẹ́lẹ̀ wá ń gbọ́ fèrè mọ́tò. Ojú ìlú ti tún di àárín ìlú.

Àdánù mìíràn kò ní iyanrìn nínú. Ilé Ìlójò, tí ìdílé Fernandez kọ́ ní nǹkan bí 1855 nítòsí Ìta Tinúbú, wà lára àwọn ilé Àgùdà tí ó pẹ́ jùlọ ní Èkó. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ Àìkú, wọ́n wó o palẹ̀. Òfin tí ó ti dáàbò bò ó fún ọgọ́ta ọdún kò dá katakata dúró fún wákàtí kan. Àwọn tí wọ́n ti mú kíláàsì wọn lọ síbẹ̀ rí kí ó tó wó ní ohun tí wọ́n lè sọ fún ọmọ. Àwọn tí wọ́n ń sún un síwájú kò ní.

Ní ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ń ti Mile 2 bọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò wá sí ibùdó Màrínà. Ó ń gba orí omi kọjá kí ó tó dé Erékùṣù, èrò inú rẹ̀ sì tún ń rí etí Èkó láti ojú omi bí àwọn tí ń bọ̀ láti òkun ṣe ń rí i nígbà Glover. Kíláàsì tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ lè fẹsẹ̀ rìn lọ sí kàtídírà, kí wọ́n yà wo Ṣàngó, kí wọ́n sì parí ìrìn wọn ní Oníkàn, níbi tí Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ilé Àṣà Yorùbá tí wọ́n fi orúkọ John Randle sọ wà. Randle ni dókítà ọmọ Sàró tí ó gbẹ́ adágún ìlúwẹ̀ sí Oníkàn ní 1928, nítorí pé àwọn ọmọ Èkó ń kú sínú ọ̀sà. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n tó kúrò ní ibùdókọ̀, pé apá wo ni iwájú ìlú wà. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ orúkọ àtijọ́ ibẹ̀ fún wọn.