Ta Ló Kọ́kọ́ Rí Iná Inú Ọpọlọ?

Ní ọdún 1890, wọ́n tú èdìdì lára lẹ́tà kan ní Akadẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ìlú Vienna. Ọdún 7 ni lẹ́tà náà ti wà ní ìpamọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ernst Fleischl von Marxow ló kọ ọ́, òun náà ló sì ní kí wọ́n ṣí i. Ohun tó fà á ni pé Adolf Beck, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Kraków, ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, Fleischl sì fẹ́ kí ayé mọ̀ pé òun ló kọ́kọ́ rí ohun náà.

Kí ni Beck rí? Ó ṣí agbárí ajá àti ehoro, ó so ojú ọpọlọ wọn mọ́ galvanometer, ẹ̀rọ tí í fi iná mànàmáná tó kéré jọjọ hàn. Bí ó bá tan ìmọ́lẹ̀ sí ojú ẹranko náà, iná ibi tí ọpọlọ fi ń ríran a yí padà. Èyí tó yani lẹ́nu jù ni pé, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹranko náà, iná ọpọlọ rẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ìgbì omi. Ṣùgbọ́n bí ìmọ́lẹ̀ bá dé, ìgbì náà a rọlẹ̀.

Lẹ́tà Fleischl ní ohun pàtàkì tirẹ̀. Ó sọ pé bí wọ́n bá fi chloroform kun ẹranko lóorun, ìdáhùn ọpọlọ náà a pòórá. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ọpọlọ gan-an ni iná náà, kì í ṣe àṣìṣe ẹ̀rọ.

Níbi tí àríyànjiyàn ti ń lọ lọ́wọ́, ẹni kẹta dìde. Ní ọdún 1891, Richard Caton, dókítà ará Liverpool, kọ̀wé pé òun ti rí iná yìí lára ehoro àti ọ̀bọ, òun sì ti kéde rẹ̀ ní gbangba láti ọdún 1875. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe tán.

Ní ọdún 1913, Pravdich-Neminsky ní Kiev tẹ àwòrán ìgbì ọpọlọ ajá jáde. Ní ọdún 1914, Napoleon Cybulski, ọ̀gá Beck, àti obìnrin akẹgbẹ́ rẹ̀, Jelenska-Macieszyna, ya àwòrán ìgbì ọpọlọ ajá nígbà tí gìrì wárápá mú un. Hans Berger ní Jena náà ti gbìyànjú lára ajá, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan gidi mú bọ̀. Lára ènìyàn ló ti rí i ní ọdún 1924. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1929. Ìgbì tí òun náà rí a máa rọlẹ̀ bí ènìyàn bá la ojú, gẹ́gẹ́ bí Beck ti rí i lára ẹranko.

Lónìí, àwọn dókítà a máa wo ìgbì yìí láti mọ bí oorun aláìsàn ti jinlẹ̀ tó lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, láìfi ọ̀bẹ kan agbárí. Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó mọ èyí, orí ọ̀pọ̀ ajá ni wọ́n ti ṣí. Beck fúnra rẹ̀ kò kú ikú ìrọ̀rùn. Júù ni, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Nazi wá mú un ní Lwów lọ́dún 1942, ó gbé májèlé jẹ.

Caton tó sọ ọ́ ní gbangba ni ìtàn fún ní ipò àkọ́kọ́. Fleischl tó dè é sínú lẹ́tà kò rí i gbà.