Láti Ọ̀wẹ̀ Dé Báǹkì: Owó Ẹ̀bùn Tó Ń Gbé Ilé Àkọ́kọ́ Ró ní Warri

Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí. Ìlàjẹ ni wá. Lágbègbè wa, láti Mahin dé Ugbo, orí òpó igi tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀ ni ilé máa ń wà, kò sì sí ọkùnrin tó lè dá òpó rì. Nílẹ̀ gbígbẹ náà, ẹni tó ń mọ ilé alámọ̀ nílò èèyàn púpọ̀: ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀, wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé ìpele mìíràn lé e. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà rí ìrànlọ́wọ́. Àáró ni ti àwọn ẹgbẹ́: lónìí oko tèmi, lọ́la oko tìrẹ. Ẹni tí wọ́n bá ṣe tirẹ̀ tán tí kò wá ṣe tẹnìkejì ti di onígbèsè, wọn kò sì ní dákẹ́ fún un. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ yóò dáná, yóò ra ẹmu. Àwọn èèyàn yóò ṣiṣẹ́, wọn yóò jẹun, wọn yóò mu, ó parí. Àna máa ń kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ lọ́wẹ̀ láti tún ilé bàbá ìyàwó rẹ̀ ṣe, kò sì sí ẹni tí yóò padà wá gbowó. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Fadipe kọ nípa àáró àti ọ̀wẹ̀ sínú ìwé tó fi gba oyè dókítà ní London lọ́dún 1939, ìwé tí wọn kò tẹ̀ jáde títí di 1970. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé kí wọ́n tó da omi sí amọ̀ àkọ́kọ́, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ bóyá àáró ni wọ́n wá ṣe tàbí ọ̀wẹ̀.

Ní Ayétòrò, ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ Àpọ́sítélì tẹ̀ dó létí òkun lọ́dún 1947, wọ́n tilẹ̀ mú ìrànlọ́wọ́ ilé kíkọ́ yìí dé góńgó. Ìlú ló ń kọ́lé fún ará ìlú, kò sẹ́ni tó ń pe ilé ní tòun, títí wọ́n fi yí ìlànà náà padà.

Nígbà tí ilé bá ti wá di ohun tí a ń fi owó kọ́, ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́ ni ìyà ń jẹ. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, ṣàlàyé ìwọ̀fà dáadáa: ẹni tó yáwó yóò máa ṣiṣẹ́ lóko ẹni tó yá a, iṣẹ́ yẹn ni èlé, ojú owó sì wà níbẹ̀ digbí. Bí bàbá kò bá lè lọ fúnra rẹ̀, ọmọ ni yóò fi sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá yọ owó fún àbúrò tó sì ní kó lọ fi bo òrùlé, ọmọ àbúrò ló yọ kúrò nínú ìwọ̀fà. Johnson kan náà kọ nípa èésú, èyí tí onímọ̀ kan, Bascom, tún wá kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1952. Owó èésú ìyá mi ni wọ́n fi ra páànù ilé wa. Ó gbé owó náà lé bàbá mi lọ́wọ́ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jọ ń dá a, ó ní òun kò yá a, òun fún un ni. Ní ogójì ọdún tí wọ́n jọ gbé lẹ́yìn ìyẹn, n kò gbọ́ kí ó mẹ́nu bà á nínú ìjà.

Warri ni páànù yẹn wà. Bàbá mi gba ojú omi wá síbẹ̀, ó ń ta ẹja gbígbẹ ní ọjà Pessu, ní àsìkò tí ìlú gbóná nítorí oyè Olú, ọba àwọn Ìtsẹ́kírì, tí wọ́n fi yí orúkọ Warri Province padà sí Delta Province lọ́dún 1952. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Warri kò rọrùn rí. Láàárín 1906 sí 1911, Olóyè Dore Numa fọwọ́ sí ìwé tó fi ilẹ̀ yá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní àwọn ọdún 1920 àwọn ará Agbassa gbé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà lọ sí kóòtù. Ẹjọ́ tí gbogbo lọ́ọ́yà Nàìjíríà ń tọ́ka sí títí dòní nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi hàn pé ẹnì kan ló nilẹ̀, ti Idundun àti Okumagba tí Kóòtù Gíga Jù Lọ dá ní 1976, ilẹ̀ Okere níbí ni wọ́n jà lé lórí. Ọ̀nà márùn-ún ni kóòtù là sílẹ̀: ìtàn ìdílé, ìwé, ohun tí èèyàn ń ṣe lórí ilẹ̀ bí onílẹ̀, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó bá a pààlà.

Ìdílé kan fún bàbá mi nílẹ̀. Ó gbé obì àti ògógóró lọ, wọ́n tú ọtí sílẹ̀, wọ́n súre fún un, wọ́n sì ní kó máa gbé ibẹ̀ títí. Lẹ́yìn tó kú, ọmọ ìdílé náà kan dé, ó ní ibi tí yóò sùn ni wọ́n fún un, wọn kò fún un nílẹ̀. Àwọn àgbà méjì tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ọtí ti kú. A tún ilẹ̀ bàbá wa rà. Láti ìgbà yẹn ni mo ti gbà pé ẹ̀bùn tí kò ní ẹlẹ́rìí tó pọ̀, tí kò sì ní ìwé, ìjà ló ń bí.

Mo wọ iṣẹ́ akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́ọ́yà ní Warri-Sapele Road, ibẹ̀ ni mo ti bá ìwé báǹkì pàdé. Lọ́dún 1956 ni wọ́n dá Nigerian Building Society sílẹ̀. Ní 1977 ó di Federal Mortgage Bank. Ní oṣù Mẹ́ta ọdún 1978, òfin ilẹ̀ jáde: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ dúró fún owó báǹkì láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i. Ilẹ̀ tó jẹ́ obì àti ọtí nìkan ni ẹ̀rí rẹ̀, báǹkì kò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún yẹn náà ni ilé ìfọpo ṣí ní Ekpan, ilé iṣẹ́ irin Aladja tẹ̀ lé e ní 1982, ìlú wá kún fún àwọn tó ń gba owó oṣù. Òfin National Housing Fund ti 1992 sọ pé kí òṣìṣẹ́ máa dá ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ sínú àpò náà, kó lè yá owó ilé ní èlé 6 nínú ọgọ́rùn-ún, kó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún san án. Ó dára lójú ìwé. Àmọ́ nígbà kan, ẹni tó bá fẹ́ yá jù mílíọ̀nù 5 náírà lọ, dé 15, wọ́n ní kó mú ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún wá látinú àpò ara rẹ̀. Níbo ni tíṣà yóò ti rí mílíọ̀nù kan ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ọ̀dọ̀ bàbá ni, tàbí ìyá tó gba àjọ, tàbí ẹ̀gbọ́n tó wà lókè òkun.

Ohun mìíràn tún wà tí báǹkì kì í kà mọ́ owó ilé, tó sì ń jẹ owó ẹ̀bùn ju ohunkóhun lọ: deve. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò yóò dé wá fipá gbowó nígbà tí ẹ bá gbẹ́ ìpìlẹ̀, wọ́n á tún dé nígbà tí ẹ bá fẹ́ da dẹ́kì, wọ́n á tún dé lọ́jọ́ páànù. Mo ti rí bàbá tó ta mọ́tò rẹ̀ fún owó àsansílẹ̀ ọmọ rẹ̀, tí apá kan owó náà bá deve lọ kí búlọ́ọ̀kù tó dé. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Delta ṣòfin lòdì sí i lọ́dún 2018. Ìwà olè ni, kò sí orúkọ tó yẹ ẹ́ ju ìyẹn lọ, àwọn òbí tó ń sá fún ìjà sì ń san án síbẹ̀.

Àwọn tiwa tó wà ní London mọ ọ̀rọ̀ owó ìbẹ̀rẹ̀ yìí tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ọ̀pọ̀ àwọn ayánilówó níbẹ̀ kò fẹ́ yá aláwọ̀ dúdú lówó ilé, àwọn onílé kan sì ń kọ ọ́ sójú fèrèsé pé wọn kò gba aláwọ̀ dúdú; ọdún 1968 ni òfin tó tako ojúṣàájú nínú ọ̀rọ̀ ilé gbígbé jáde. Àwọn ará Jàmáíkà ń dá pardner, àwọn Yorùbá ń dá àjọ, ẹni tó bá kó o ni yóò gbé e lọ fi sanwó ìbẹ̀rẹ̀ ilé. Lónìí, báǹkì ibẹ̀ yóò yá wọn, ṣùgbọ́n bí òbí bá fi owó kún un, ó ń bèèrè ìwé tí òbí fọwọ́ sí: pé ẹ̀bùn ni, pé kì í ṣe gbèsè, pé òbí náà kò ní ìpín nínú ilé, àti ibi tí owó náà ti wá. Èmi ni mo ń tẹ ọ̀pọ̀ nínú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àwọn òbí ní Warri.

Àwọn kan ń bínú sí i. Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Igbudu ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ tí mo fi inú mi bí, ṣé báǹkì ni yóò máa bi mí bóyá mo yá a lówó?" Mo ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ náà, wọ́n máa ń sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀." Mo sọ ti ilẹ̀ bàbá mi fún wọn. Mo tún sọ pé kí wọ́n pe àwọn ọmọ yòókù, nítorí kì í ṣe báǹkì ló máa ń jà lórí owó ẹ̀bùn, àwọn àbúrò tí wọn kò sí níbẹ̀ ni. Mọ́mì pe ọmọ méjì wá sí ọ́fíìsì, wọ́n pe èyí tó wà ní London lórí fóònù. Wọ́n ka iye owó náà sókè létí gbogbo wọn. Wọ́n tún ní kí n kọ ọ́ sí i pé yàrá kan gbọ́dọ̀ wà fún àwọn nínú ilé náà nígbàkígbà tí àwọn bá wá kí ọmọ. Mo ṣàlàyé pé bí mo bá kọ ìyẹn, báǹkì lè sọ pé òbí ní ìpín nínú ilé náà, wọ́n sì lè dá owó náà padà. Wọ́n rò ó díẹ̀, wọ́n ní kí n yọ ọ́. Wọ́n wá gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ yàrá yẹn fún ọmọ wọn fúnra wọn, àwọn méjì yòókù ń gbọ́, ọmọ náà ní, "Ó ti wà, Mọ́mì."