Láti Ìwọ̀fà dé Gbọ́mú-lé-láńtàn: Ìtàn Owó Yíyá ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Orúkọ kan wà tí àwọn obìnrin ọjà nílẹ̀ Yorùbá sọ owó tí wọ́n ń yá lọ́wọ́ àwọn ilé ìfowópamọ́ kéékèèké: gbọ́mú-lé-láńtàn. Ẹni tí ó bá mọ bí gíláàsì láńtàn tí iná ti jó fún wákàtí kan ṣe ń gbóná kò ní béèrè ìtumọ̀ orúkọ náà. Owó ọ̀hún rọrùn láti gbà. Wọn kì í béèrè ìwé ilẹ̀, wọn kì í béèrè ohun ìdógò. Àwọn obìnrin mélòó kan yóò kàn dúró fún ara wọn, owó a sì jáde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ sísan a máa pé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìbáà jẹ́ pé ọjà tà tàbí kò tà. Ẹni tí ó bá dé Sábó ní Ìkòròdú, tàbí ọjà ẹja Òlúwo ní Ẹ̀pẹ́, tí ó sì fi sùúrù jókòó ti àwọn tí ń tà, yóò gbọ́ orúkọ yìí kí ó tó dìde.

Lágbègbè méjèèjì yìí kan náà ni a ti ń rí àwọn ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tìjọba, tí wọn kò sì wá èrè, tí wọ́n ń kó obìnrin àti ọ̀dọ́ jọ pé àwọn yóò fi ìmọ̀ ìṣúná àti owó òkòwò gbà wọ́n lọ́wọ́ òṣì. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ìlérí náà ti gbó ju bí àwọn tí ń ṣe é ti rò lọ, ó sì dára kí a wo ohun tí ojú àwọn baba ńlá wa àti ìyá ńlá wa rí nídìí rẹ̀.

Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kì í ṣe ìlú òtòṣì láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Etí ọ̀sà ni àwọn méjèèjì wà, níbi tí ọkọ̀ ojú omi láti Èkó ti ń pàdé ẹrù tí ó ti orí ilẹ̀ wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ìparí ọdún 1851, Ẹ̀pẹ́ ni ó wá tẹ̀ dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀, òwò epo pupa sì gbèrú níbẹ̀ débi pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní láti bá a ṣe àdéhùn ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854. Ní ti Ìkòròdú, àwọn Ẹ̀gbá sàga tì í nígbà ogun Ìjàyè nítorí ọ̀nà òwò tí ó lọ sí Ìbàdàn. Ní oṣù Kẹta ọdún 1865, Gómìnà Glover rán ọmọ ogun láti Èkó lọ tú wọn ká. Lọ́dún 1892 ẹ̀wẹ̀, Ẹ̀pẹ́ ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, tí wọ́n fi ṣẹ́gun ní Ìmàgbọ̀n. Ẹnikẹ́ni kì í jagun tìtorí ìlú tí owó kò sí.

Báwo wá ni tálákà ìgbà náà ṣe ń rí owó ńlá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀.

Èkínní ni èsúsú. Sámúẹ́lì Johnson, tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ṣàlàyé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ènìyàn mélòó kan a máa dá iye kan náà ní àkókò kan náà, ẹnì kan a kó gbogbo rẹ̀, títí yóò fi kárí. Kò sí èlé níbẹ̀ rárá. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o ni ẹni tí a yá lówó, ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn ni ẹni tí ó tọ́jú owó pamọ́, àwọn tí ó wà láàrin sì jẹ́ díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún. William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ odindi lé e lórí ní 1952, ó sì pè é ní ètò owó yíyá àwọn Yorùbá. Àwọn ẹrú tí a kó ré kọjá òkun kò gbàgbé rẹ̀: susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní.

Ọ̀nà kejì ni ìwọ̀fà. Ẹni tí òkú òbí bá já lé lórí, tàbí tí ó fẹ́ ra ìbátan rẹ̀ padà lóko ẹrú, a lọ bá olówó, a sì fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, tàbí àbúrò rẹ̀, sìn ín. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín owó náà kù. Èlé lásán ni iṣẹ́ náà jẹ́. Bí ó bá ro oko olówó fún ọdún mẹ́wàá, gbèsè náà kò yẹ̀ níbi tí ó wà. Ó di ọjọ́ tí ẹbí bá rí odindi owó náà kó kalẹ̀. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú, òfin àti àṣà sì dáàbò bò ó dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n mo rò pé a máa ń tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ náà jù nígbà tí a bá ń kọ ìtàn ara wa. Ọmọdébìnrin tí ó dàgbà sí ilé olówó nítorí òkú tí a fi ayẹyẹ sin kò lè rí ìyàtọ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ìjọba amúnisìn ṣòfin lòdì sí àṣà yìí, síbẹ̀ a ṣì ń rí i nílẹ̀ Yorùbá títí wọ àwọn ọdún 1930.

Bí a bá sì kọ̀ láti sanwó, olówó lè dógò ti ajigbèsè. Johnson ṣàpèjúwe ìyẹn náà: ológò a wọ ilé onígbèsè, a jókòó, a máa bú u lóhùn rara, a máa yọ gbogbo ará ilé lẹ́nu, títí ojú yóò fi ti ẹbí débi tí wọn yóò wá owó. Lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣòwò aṣọ ará Ìjẹ̀ṣà gba orúkọ òṣómàáló, nítorí pé wọ́n a lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwìn wọn títí owó yóò fi jáde. Ìtìjú ni irinṣẹ́ gbogbo wọn. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sí i.

Ìjọba amúnisìn gbìyànjú ọ̀nà mìíràn. Lẹ́yìn ìròyìn tí C. F. Strickland kọ ní 1934, òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù jáde ní 1935. Ètò náà ran ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kòkó ni ó dá lé, ọkùnrin ni ó sì ní oko kòkó. Obìnrin tí ń yan ẹja létí ọ̀sà kò rí ara rẹ̀ níbẹ̀.

Alájọ ni ó bá a débẹ̀. Ọkùnrin tí ń gun kẹ̀kẹ́ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tí ń gba owó kékeré lójoojúmọ́, tí ó sì ń dá a padà lópin oṣù lẹ́yìn tí ó bá yọ owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn ni Alájọ Ṣómólú, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí ó di àlàyé nínú èdè wa: bí ọpọlọ ẹnì kan bá pé, a ní orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, tí ó ta mọ́tò tí ó fi ra kẹ̀kẹ́. Àwọn tí kò mọ iṣẹ́ àjọ ń rẹ́rìn-ín sí i. Ṣùgbọ́n àdúgbò tí mọ́tò kò lè wọ̀ ni àwọn oníbàárà rẹ̀ wà! Ọdún 2012 ni ó kú. Àléébù iṣẹ́ náà ni pé gbogbo rẹ̀ dúró lórí ìwà ẹnì kan ṣoṣo: ọjọ́ tí alájọ bá sá lọ, ọjọ́ náà ni òwò ogójì ènìyàn dàrú.

Ní 1989, ìjọba ológun Babangida dá Báńkì Àwọn Ènìyàn sílẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀. Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́. Àwòkọ́ṣe wọn ni iṣẹ́ tí Muhammad Yunus bẹ̀rẹ̀ ní abúlé Jobra ní Bangladesh lọ́dún 1976, tí ó di Báńkì Grameen ní 1983. Èmi kò rò pé ó yẹ kí a fi báńkì náà ṣẹ̀sín. Òun ni ó kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ pé aláìní lè yá owó láìní ohun ìdógò dé etí gbogbo ènìyàn. Ohun tí ó pa á ni pé owó ìjọba ni gbogbo ènìyàn kà á sí, a sì mọ bí a ti ń ṣe sí owó ìjọba. Nígbà tí ó fi di ọdún 2000, wọ́n ti pò ó pọ̀ mọ́ báńkì àgbẹ̀.

Èyí tí ó wù mí jù lọ nínú gbogbo ìtàn yìí kò ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ní 1982, Olóyè Bísí Ògúnlẹ́yẹ dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko tí a mọ̀ sí COWAN sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Kò lọ Bangladesh kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ó bá èsúsú nílẹ̀, orí rẹ̀ ni ó sì kọ́lé lé: kí àwọn obìnrin kọ́kọ́ dá owó tiwọn, kí wọ́n mọ ara wọn, kí owó àjòjì tó wọlé. Ẹgbẹ́ náà tàn kọjá ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n sì fún Olóyè náà ní Ẹ̀bùn Áfíríkà fún fífi òpin sí ebi ní 1996. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí COWAN bẹ̀rẹ̀ ni Godwin Ehigiamusoe, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ alájẹṣẹ́kù, dá LAPO sílẹ̀ ní Ogwashi-Uku. Ẹgbẹ́ àìwá-èrè ni LAPO náà nígbà yẹn. Ó dàgbà, ó sì di báńkì. Lọ́dún 2010, ìwé ìròyìn New York Times kọ nípa bí èlé tí irú àwọn ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń gbà lágbàáyé ti ga tó, ó sì dárúkọ LAPO láàrin wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Báńkì Àpapọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ báńkì kéékèèké 224, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dá ti àwọn kan padà lẹ́yìn náà.

Kí ni ó ń mú kí owó yìí gbóná tó bẹ́ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ tèmi ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ kan pàtó. Ìyá kan yá ₦100,000, yóò sì máa san ₦5,000 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦120,000. Wọ́n sọ fún un pé èlé rẹ̀ jẹ́ ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ₦10,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìdúró tí yóò gbà lẹ́yìn tí ó bá san tán, nítorí náà ₦90,000 ni ó mú relé. Láti ọ̀sẹ̀ kìíní ni ó sì ti ń dá owó padà. Nígbà tí yóò fi dé àárín, ìdajì owó náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí a bá da gbogbo rẹ̀ pọ̀, tí a sì pín in déédéé lórí ọ̀sẹ̀ 24, owó tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́ kò ju nǹkan bíi ₦42,000 lọ. Lórí ₦42,000 ni ó ti san ₦20,000 èlé, láàrin oṣù mẹ́fà péré. Ìdajì rèé, ó kù díẹ̀.

Ẹ wá gbé èsúsú kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ogún obìnrin, ₦5,000 lọ́sẹ̀ kan náà. Olúkúlùkù kó ₦100,000, ó dá ₦100,000, ọ̀sẹ̀ 20 ni ó parí. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ₦20,000, èyí tí àwọn tí ń ka owó ẹyọ ìbá pè ní ọ̀kẹ́ kan géérégé.

Mi ò sọ pé èsúsú kò ní àbùkù. Ẹni tí ó nílò owó lónìí lè jẹ́ ẹni kejìdínlógún tí yóò kó. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó o lè sá. Bí ọjà bá sì ń gbówó lórí bí ó ti ń ṣe láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹni tí ó kó o gbẹ̀yìn kò lè fi owó náà ra iye ẹja tí ẹni àkọ́kọ́ rà. Àlàfo wọ̀nyí ni gbọ́mú-lé-láńtàn gbà wọlé.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni áàpù ayánilówó orí fóònù dé. Ìṣẹ́jú márùn-ún, owó ti wọlé. Bí ẹni náà kò bá san lásìkò, wọn a fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo orúkọ tí ó wà lórí fóònù rẹ̀, sí ọ̀gá rẹ̀, sí àna rẹ̀, pé olè ni. Ó burú débi pé àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPC, lọ ya wọ ọ́fíìsì àwọn kan nínú wọn ní Ìkẹjà ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ó sì gbé ìlànà jáde fún wọn lọ́dún náà. Àwọn oníròyìn pè é ní àṣà tuntun. Ológò ni, ó kàn ti ra fóònù ni.

Ohun tí mo ń tọ́ka sí fún àwọn ẹgbẹ́ aláàánú tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ ni pé kí wọ́n má ṣe fi owó yíyá bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹgbẹ́ àìwá-èrè bá ti di ayánilówó, yóò ní láti gba owó padà, yóò sì wá òṣìṣẹ́ tí ó mọ̀ ọ́n gbà. Àwọn àjọ kan ti rí ọ̀nà mìíràn, kò sì jìnnà sí wa. Ní 1991, àjọ CARE bẹ̀rẹ̀ ètò kan fún àwọn obìnrin ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger, tí wọ́n pè ní Mata Masu Dubara. Àjọ náà kò yá ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ̀kọ́ àti àkọsílẹ̀ ni ó mú wá. Àwọn obìnrin náà ni wọ́n dá owó, àwọn ni wọ́n ń yá ara wọn, àwọn ni wọ́n sì ń pín èlé rẹ̀ láàrin ara wọn lópin ọdún. Bí ètò náà ti ń tàn káàkiri àgbáyé, inú àpótí alágàdágodo mẹ́ta ni wọ́n ń fi owó sí. Ẹni tí àpótí wà nílé rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́ kankan. Àwọn mẹ́ta mìíràn ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ wọn, ojú gbogbo ẹgbẹ́ sì ni wọ́n ti ń ṣí i.

Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, àwọn tí ń dá àjọ kí Iléyá tàbí Kérésìmesì tó dé ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Wọ́n mọ ara wọn, wọ́n mọ ìgbà tí ẹja ń wọ́n àti ìgbà tí ó ń pọ̀, wọn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn bí a ti ń tọ́jú owó. Ìwé àkọsílẹ̀ tí gbogbo wọn lè kà ni wọn kò ní, àti àpótí tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣí.