Láti Kamina Dé Iyàrá Wa: Ọwọ́ Ta Ni Ó Ń Gé Àwòrán Náà?

Kò sí ọmọ Atakpamé tó ti gba ọ̀nà Kamina kọjá tí kò mọ àwókù ilé-iṣẹ́ wáyálẹ́ẹ̀sì tí àwọn ará Jámánì kọ́ síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ wa sọ ìtàn rẹ̀ fún wa ní ilé-ìwé: pé ilé-iṣẹ́ Telefunken ni ó kọ́ ọ láàárín 1911 sí 1914, pé òpó irin mẹ́sàn-án ni wọ́n nà síbẹ̀, tí àwọn tó ga jù nínú wọn tó 120 mítà, pé ìró rẹ̀ ń dé Nauen lẹ́bàá Berlin, àti pé àwọn tó kọ́ ọ ni wọ́n fọwọ́ ara wọn wó o ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kẹjọ ọdún 1914, kí ó má baà bọ́ sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé. Ohun tí wọn kì í sábà sọ fún wa ni pé Kamina yìí kan náà ni àwọn kan tó gbé kámẹ́rà fíìmù wá sí Tógò ti gbéra lọ sí òkè. Ìtàn fíìmù náà ni a fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ó kan àwọn fídíò ọdún iṣu tí ẹgbẹ́ wa ní nínú àpótí.

Ní 1913, Hans Schomburgk, ọmọ Hamburg tí ó jẹ́ ọdẹ àti arìnrìn-àjò, gúnlẹ̀ sí Lomé. Meg Gehrts, òṣèrébìnrin, ọmọ ìlú kan náà, wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Hodgson ni ó ń yí kámẹ́rà. Ọkọ̀ ojú irin, tí ó ti dé Atakpamé láti 1911, ni ó gbé wọn wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ Kamina ni Anton Codelli, báróònù ará Ljubljana, ẹni tí ó gbé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àkọ́kọ́ wọ ìlú rẹ̀ ní 1898. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè gbọ́ ìró kámẹ́rà kí ó má yọjú. Òun náà sì lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ fíìmù náà. Láti Kamina lọ sí òkè, kò sí ojú irin mọ́. Orí àwọn aláàárù ni kámẹ́rà, fíìmù àti ẹrù àwọn òṣèré gbà dé Sokodé àti àwọn ìlú tó wà níwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń wo fíìmù náà lónìí, kí ó rántí ọrùn tó kọ́kọ́ rù ú.

Fíìmù ìgbà náà jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn tí iná máa ń yára mú, tí ooru sì lè bà jẹ́. Ọwọ́ ni a fi ń yí kámẹ́rà rẹ̀. Bí apá ẹni tó ń yí i bá dúró déédéé, nǹkan bí àwòrán mẹ́rìndínlógún ni yóò kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n yíyà nìkan kọ́ ni fíìmù. Ẹni tó ń gé e, tí ó ń fi àlùmọ́gàjí já a sí wẹ́wẹ́, tí ó sì ń fi àtè lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ni ó ń pinnu ohun tí olùwòran yóò gbà gbọ́. Ó lè fi ijó òkú ṣíwájú ogun, kí ó sì dà bí ẹni pé ijó ogun ni. Ó lè kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá wù ú sí abẹ́ ojú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Yúróòpù ni wọ́n ti gé àwọn fíìmù wọ̀nyí, àwọn tí a yà kò sì sí níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó jáde. Ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà ni *Die weiße Göttin der Wangora*, ìtàn ọmọ òyìnbó kan tí òkun gbé wá sí èbúté, tí àwọn ènìyàn dúdú tọ́ dàgbà, tí wọ́n sì sọ di òrìṣà. Gehrts ni òrìṣà náà; àwọn ará Tógò ni olùsìn. Kò yà wá lẹ́nu: ẹni tó ni ọ̀bẹ ni ó ń pín ẹran. Òmíràn ni *Im deutschen Sudan*, èyí tí wọ́n gbé jáde ní Jámánì ní 1917. Orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí “Ní Súdánì ti Jámánì”. Ní 1917, Jámánì kò ní ẹsẹ̀ bàtà kan mọ́ ní Tógò. Ọdún mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n ti túúbá ní ìtòsí ilé wa níbí. Ilẹ̀ ti kúrò lọ́wọ́ wọn, àwòrán ilẹ̀ kò kúrò. Bí a bá ń wá àpẹẹrẹ agbára tí ń bẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń gé fíìmù, kí a má ṣe lọ jìnnà.

Gehrts kọ ìwé nípa ìrìn-àjò náà, tí a tẹ̀ ní London ní 1915, ibẹ̀ ni a sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Àwọn tó bá a ṣeré kò kọ ìwé. Ó tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnì kan tó ṣe ohun tó yẹ kí a ti ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀: Jürgen Ellinghaus, tí òun náà jẹ́ ará Jámánì, kó ohun tó kù nínú àwọn fíìmù náà, ó tọ ipasẹ̀ Schomburgk, ó sì fi wọ́n han àwọn ènìyàn ní àwọn ìlú tí a ti yà wọ́n. Fíìmù tirẹ̀, *Togoland Projektionen*, jáde ní 2023. Àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n wo àwọn baba wọn, wọ́n sì sọ̀rọ̀ sí ohun tí wọ́n rí.

Lónìí, kámẹ́rà kò tún wúwo mọ́. Ní 2002 ni Nick Woodman, ará Amẹ́ríkà kan tó fẹ́ràn àti máa gun ìgbì òkun, dá GoPro sílẹ̀, nítorí pé ó ń wá ọ̀nà láti ya ara rẹ̀ lórí omi. Kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́, tó dé ọjà ní 2004, ṣì ń lo fíìmù, ọwọ́ ni a sì ń so ó mọ́. Èyí tó wà níta báyìí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, a ń so ó mọ́ àyà tàbí orí, omi kò sì lè wọ inú rẹ̀. Irú rẹ̀ ni a so mọ́ àyà ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jó Tchébé níbi ọdún iṣu wa, tí ẹnu Ifẹ̀ ń pè ní Odon-Itsu. Gbogbo ayé ti rí alágéré Atakpamé láti ìsàlẹ̀: ẹsẹ̀ igi gígùn, ojú tí oòrùn bò. Kò sí ẹni tó ti fi ohun tí alágéré ń rí hàn wá rí: òrùlé páànù, orí àwọn onílù, ọwọ́ àwọn ọmọdé tó nà sókè, àti èémí rẹ̀ tó ń ga sí i bí ìlù ti ń yára.

Ní ìgbà àkọ́kọ́, a ba iṣẹ́ náà jẹ́, àwa fúnra wa sì ni. Mẹ́mórì káàdì kan ṣoṣo ni a ní. A gé fídíò ìṣẹ́jú mẹ́ta jáde, a fi orin ilẹ̀ òkèèrè bo orin ijó náà nítorí pé a rò pé àwọn ọ̀dọ́ yóò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, a fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, a sì nu káàdì náà kí a lè lò ó níbi ìgbéyàwó kan. Àgbà kan wò ó lórí fóònù ọmọ rẹ̀, ó ní: “Ẹ yọ ohùn wa kúrò lẹ́nu wa.” Kò sí ohun tí a lè fi ṣàtúnṣe. Ẹ̀dà tó wà lórí fóònù ti fún pọ̀ débi pé ojú onílù kò hàn mọ́. Ohun tí ará Yúróòpù fi òkun àti ọgọ́rùn-ún ọdún ṣe fún àwọn baba àwọn ará òkè, ìrọ̀lẹ́ kan ni àwa fi ṣe é fún àwọn tiwa.

Nítorí náà, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ mọ bí nǹkan ti rí nínú kọ̀ǹpútà. Púpọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà wọ̀nyí kì í fi ìran gígùn pamọ́ sínú fáìlì kan. Bí ó bá ti tó gígábáìtì mẹ́rin, wọn a bẹ̀rẹ̀ òmíràn, èyí tí ó lè má tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá bí àwòrán bá mọ́ dáadáa. Ẹ ṣọ́ orúkọ wọn: GX010045 àti GX020045 jẹ́ ìpín kìíní àti ìkejì ìran kan náà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò fi GX010046 sí àárín wọn. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ fi tò wọ́n. Bí kọ̀ǹpútà bá ti gbó, àwòrán yóò máa dúró lójijì. Kdenlive, tí a kì í sanwó fún, lè ṣe ẹ̀dà fúyẹ́fúyẹ́ tí ẹ ó máa fi gé e, kí ó sì padà sí ojúlówó nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Gígé lórí kọ̀ǹpútà kì í ba ojúlówó jẹ́ bí àlùmọ́gàjí ti ń ṣe. Àwa tí a ń nu káàdì ni a ń bà á jẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da gbogbo rẹ̀ sí háàdì-díìsìkì méjì, tí wọn kò sí nínú ilé kan náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ní ti pínpín, okùn abẹ́ òkun tí Google sọ ní Equiano, orúkọ ẹni tí a kó lẹ́rú rí, gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù kẹta ọdún 2022. Síbẹ̀, WhatsApp yóò fún fídíò yín pọ̀ bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lásán. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìwé, yóò dé bí ó ti rí, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti ju gígábáìtì méjì lọ. Fún àwọn ará ilé tí kò ní owó íntánẹ́ẹ̀tì, ọwọ́ ni a fi ń gbé e lọ.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ní ìgbà kejì. A ta aṣọ funfun sára ògiri ní àgbàlá kan, a sì fi fídíò tí a gé hàn kí ó tó jáde síta. Ìyá àgbà kan ní kí a dá a dúró. Ó ní orin tí a fi sí ìparí, òun ni wọ́n fi ń tọrọ ọ̀nà kí alágéré tó gun igi. A ti jẹ́ kí ọmọ náà gun igi láìtọrọ ọ̀nà. Ó dárúkọ ẹni tó ń lé orin náà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojúlówó ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì a ṣí iṣẹ́ náà lórí kọ̀ǹpútà, a dá orin náà padà sí iwájú, a sì fi odindi rẹ̀ sílẹ̀. Fídíò náà fi ìṣẹ́jú mẹ́rin gùn sí i.