Nígbà tí Owó Nìkan Kò Ra Aṣọ ní Ṣáínà

Bí mo bá sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé ìgbà kan wà tí ará Ṣáínà kì í rí aṣọ rà bó ṣe wù ú, ẹ̀rín ni wọ́n máa ń fi mí rín. Ankara tó kún ọjà Balógun, léèsì, títí dé òwú tí a fi ń rán wọn, ṣebí ọ̀dọ̀ wọn ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá? Ṣùgbọ́n láti oṣù kẹsàn-án ọdún 1954 títí di ọdún 1983, ẹni tó bá mú owó dání láìní tíkẹ́ẹ̀tì aṣọ, òfo ló ń mú bọ̀ láti ọjà.

Ìyá arúgbó kan tí ọmọ rẹ̀ ń ta aṣọ fún mi ní Guangzhou fi ọ̀kan hàn mí. Kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Orúkọ ìpínlẹ̀ àti ọdún wà lára rẹ̀, pẹ̀lú iye aṣọ tó lè rà: chi kan. Chi mẹ́ta ló ń jẹ́ mítà kan. Bí o bá gbé e dé ìpínlẹ̀ mìíràn, wọn kò ní gbà á. Bí ọdún bá sì yí, ó di bébà lásán.

Ní àwọn ọdún tó sàn díẹ̀, nǹkan bíi chi 16 sí 18 ló ń kan ẹnì kan lọ́dún ní ọ̀pọ̀ ìlú. Ojú ẹsẹ̀ ni mo ṣírò rẹ̀: bíi yáàdì mẹ́fà. Ankara ẹyọ kan fún odidi ọdún! Inú rẹ̀ náà ni aṣọ ibùsùn ti ń jáde, àti ẹ̀wù òtútù tí wọ́n ń ki òwú sí láàárín, èyí tó ń jẹ aṣọ ní ìlọ́po méjì. Ní 1961, nígbà ìyàn, ohun tó ń kan ẹnì kan kò ju mítà kan lọ ní ibi púpọ̀.

Kì í ṣe pé wọn kò mọ aṣọ hun. Ilẹ̀ tí wọn ì bá fi gbin òwú ni wọ́n tún fẹ́ fi gbin oúnjẹ, ẹnu tó ń jẹun sì pọ̀. Ìjọba tún ń kó lára aṣọ tí wọ́n hun lọ sílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n lè rí owó ilẹ̀ òkèèrè.

Ohun tó wú mi lórí jù ni kọ́là àwọn ará Shanghai. Àgékù aṣọ ni wọ́n fi ń rán an: kọ́là gidi, igbá àyà díẹ̀ pẹ̀lú bọ́tìnnì méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì ju èjìká lọ. Kò lápá, kò nídìí. Okùn tó gba abẹ́ abíyá ni kì í jẹ́ kó yẹ̀. Wọ súwẹ́tà lé e, ta ló máa mọ̀ pé o kò wọ ṣẹ́ẹ̀tì? Télọ̀ tó bá pe ìyẹn ní ẹ̀tàn kò tíì rí ọ̀dá aṣọ rí. Àwọn mìíràn pa àpò ajílẹ̀ láró, wọ́n fi rán ṣòkòtò. Japan ni ajílẹ̀ náà ti wá, aró kì í sì í fi gbogbo ìgbà bo lẹ́tà ara àpò mọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdí ṣòkòtò gan-an ni lẹ́tà náà máa ń bọ́ sí nígbà mìíràn.

Ẹ̀rọ ìránṣọ ńkọ́? Butterfly tí àwa télọ̀ níbí mọ̀ dáadáa, Shanghai ni wọ́n ti ń ṣe é. Yuan 36 ni ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń gbà lóṣù nígbà náà, ẹ̀rọ kan sì ń gba bíi owó oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Òun náà ní tíkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀.

Epo rọ̀bì ló tú wọn sílẹ̀. Wọ́n ti rí i ní Daqing láti 1959. Ní 1972 ìjọba pinnu láti ra ẹ̀rọ ilẹ̀ òkèèrè tí yóò máa sọ epo di òwú aṣọ, wọ́n sì gbé ọ̀kan kalẹ̀ sí Jinshan, lẹ́bàá Shanghai.  Tẹ̀rílìnì, aṣọ tí wọ́n ń fi òwú inú epo yìí hun, wá pọ̀ débi tó fi ń kún ilé ìkẹ́rùsí. Ní oṣù kìíní 1983 ìjọba dín owó rẹ̀ kù, wọ́n sì fi kún owó aṣọ òwú. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún náà, tíkẹ́ẹ̀tì aṣọ kásẹ̀ nílẹ̀. Ti oúnjẹ, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1955, ṣì wà nílẹ̀ títí di 1993.